Onímọ́nógíráàmù ẹ̀yìn Tákíé tó jẹ́ kí Ògbómọ̀ṣọ́ rọ̀ mí lọ́rùn

Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi ní Èkó tí ẹ ń bi mí pé ṣé èèyàn lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó sì rí jẹ, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà Tákíé ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Ọkùnrin tó ń bá mi ṣe wífìn, ìyẹn òwú tí wọ́n fi ń di etí aṣọ kó má baà tú, àti mọ́nógíráàmù, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ sára aṣọ, ló ni ín. Owó ilé tí ò ga ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nípa ìlú yìí, òótọ́ sì ni, màá dé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mi ò rí ọkùnrin yẹn ni, mi ò bá ti kẹ́rù mi padà sí Ìkòtún kí oṣù mẹ́fà tó pé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ránṣọ ní Ìkòtún. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan kúrò lábẹ́ 200 náírà tó fò kọjá 480, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pín èrè. Mo máa ń jókòó lálẹ́ máa ṣírò: ìró àti bùbá tí mo gba 8,000 náírà lé lórí, epo ti kó 2,500 lọ níbẹ̀, mi ò tí ì ka òwú, mi ò tí ì ka láínì. Onílé tún wá sọ owó ṣọ́ọ̀bù di 350,000 lọ́dún. Ìyá mi tó wà ní Màsífà ló pè mí pé, "Ṣé Èkó nìkan ni wọ́n ti ń wọṣọ ni?" Ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni mo kó dé.

Yàrá kan àti pálọ̀ tí mo gbà ní apá Sábó, 150,000 lọ́dún. Ṣọ́ọ̀bù mi, 90,000. Owó ṣọ́ọ̀bù nìkan ní Ìkòtún san méjèèjì, ó tún ṣẹ́ 110,000 kù sí mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Èmi tí mo ń jí ní aago márùn-ún kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká mi mọ́ Ìyánà-Ìpájà, mo wá ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Oṣù àkọ́kọ́, ojú mi ṣì ń là ní aago márùn-ún fúnra rẹ̀, màá kàn dùbúlẹ̀ máa gbọ́ àkùkọ.

Àwọn oníbàárà mi ní Èkó ò já mi sílẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ń rán an, mo ń gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì, wọ́n ń lọ gbà á lọ́hùn-ún. Owó Èkó ni wọ́n ń san, ṣùgbọ́n ojú Èkó ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n á yí aṣọ sódì kí wọ́n tó yẹ ojú rẹ̀ wò. Bí wífìn inú rẹ̀ bá rí págunpàgun, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún nítòsí ilé mi, ọ̀bẹ ẹ̀rọ rẹ̀ gé léèsì oníléèsì ní abíyá. Ó ní kí n fi nǹkan dí i. Mo ra ọ̀pá méjì mìíràn ní 22,000 láti inú àpò ara mi, mo tú aṣọ náà, mo tún un rán. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ aránṣọ wa ló fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn Tákíé.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju kí èèyàn mẹ́rin dúró síbẹ̀ kó kún. Kò sí orúkọ lára pátákó rẹ̀, "Wífìn àti Mọ́nógíráàmù" nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ wífìn méjì, ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù oníkọ̀ǹpútà kan, páńẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́rin lórí òrùlé. Mo bi í pé báwo ni sólà tó mọ báyìí ṣe ń gbé ẹ̀rọ ńlá, ó sì tẹ̀ ba ó fi mọ́tò abẹ́ tábìlì hàn mí. Mọ́tò clutch tí gbogbo wa mọ̀ ló ti yọ kúrò. Tí ẹ bá ti tan clutch, yíyí ló ń yí, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ o, iná ló ń jẹ. Servo ló fi sí i, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan pẹ́dáàlì ló tó yí. Ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìgbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Èmi náà lọ yọ clutch mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní ìlú yìí, èyí ló pa owó mọ́ fún mi jù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé lọ, ṣífọ́ọ̀nù ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá ègé rẹ̀." Mo fún un. Ó ti ègé náà gba inú ẹ̀rọ, etí rẹ̀ jáde wínníwínní bí ìgbà tí ewé bá rọ. Ó yí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó dẹ òwú díẹ̀, ó ti ègé kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án, ó gbé e síta sí oòrùn, ó mi orí. Ègé kẹta tẹ́jú bí omi inú àwo. Ìgbà yẹn ló tó na ọwọ́ pé kí n kó apá aṣọ wá. Ègé mẹ́ta fún iṣẹ́ 400 náírà! Mo ti san ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Èkó fún ẹni tí kò wo ojú aṣọ rárá.

Mọ́nógíráàmù rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé agbádá dé, yóò fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín àyà, yóò wọ̀n ọ́n láti èjìká ọ̀tún, yóò wọ̀n ọ́n láti tòsì, kó tó fi férémù dè é. Tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, kì í tẹ fóònù. Ojú rẹ̀ á máa bá abẹ́rẹ́ lọ, torí bí òwú bá já láìròtẹ́lẹ̀ tí èèyàn ò tètè dá a dúró, àlàfo á wà nínú iṣẹ́, aṣọ ò sì ṣeé pa rẹ́ bíi síléètì. Lọ́jọ́ tí mo gbé aṣọ ìyàwó kan lọ, wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ "Ìyàwó Ọ̀ṣìngín" sẹ́yìn rẹ̀. Ó na ìwé sí mi: "Àǹtí Èkó, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀." Ó gbé gbogbo àmì náà síbẹ̀ láìfo ọ̀kan. Oníbàárà náà pè mí láti Èkó pé òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé àwọn tó ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún kì í fàmì sí i.

Àléébù rẹ̀ wà, mi ò ní fi pamọ́. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú yìí, bá ń múra àtigboyè jáde, ó máa ń gba iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá ó ní kí n wá gba aṣọ mi ní aago méjì, aago mẹ́jọ alẹ́ ló tó dé ọwọ́ mi. Ọkọ̀ Èkó ti lọ. Òde ti kọjá kí aṣọ tó dé, mo sì dá owó olówó padà. Bàbá Ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, kò ṣàwáwí o, ó ní òun jẹ̀bi, kò sì gba kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ náà. Síbẹ̀ ó dùn mí. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìgboyèjáde, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni mo ń gbé iṣẹ́ mi lọ. Òwú góòlù náà máa ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìgbà tó bá lọ sí Gbági ní Ìbàdàn. Ẹ máa mú tiyín dání. Nígbà òjò, bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ méjì léraléra, wífìn nìkan ló ń ṣe, ẹ̀rọ mọ́nógíráàmù á sinmi. Kò sì sí ìjókòó fún oníbàárà, orí ìdúró lẹ máa wà.

Tí ebi bá pa yín níbẹ̀, ìyá kan ń ro ọkà ní ìdojúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ìlú tí wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ! Ọkà dúdú, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ó ń jó fẹ̀ẹ̀ẹ̀. Mo ti ń jẹun tó dára lọ́sàn-án báyìí. Ní Ìkòtún, gaàrí ni mo máa ń mu lórí ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa kí ẹ tó kẹ́rù. Oníbàárà ìlú yìí ò lè san iye tí ti Èkó ń san. Bùbá àti ìró tí mo ń gba 12,000 lé báyìí fún ará Èkó, 6,000 ni wọ́n ń dá lé mi níbí, wọ́n á sì tún ná an. Ẹni tí kò bá ní oníbàárà níta, kó fara balẹ̀ ṣírò. LAUTECH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990 ló gbé ọjà ìlú yìí dání: bí wọ́n bá wọlé, ọjà á yá, bí wọ́n bá lọ sílé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà Under G á dákẹ́. Àwọn ará àdúgbò ṣì ń sọ nípa ìyanṣẹ́lódì 2016 sí 2017, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jọ ni ilé ẹ̀kọ́ náà, pé àwọn aránṣọ kan ta ẹ̀rọ wọn. Ọ̀yọ́ ti dá gba ilé ẹ̀kọ́ náà láti 2020, ọkàn wa sì balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Títì ńlá tó ti Ọ̀yọ́ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Mi ò ṣèlérí "ọ̀la" fún oníbàárà mọ́, "ọ̀túnla" ni mo ń sọ.

Bàbá Ìbejì ń ṣí ní aago mẹ́jọ, Mọ́ńdè sí Sátidé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ kírun láti aago kan dín díẹ̀ títí di aago méjì àbọ̀. Tó bá jẹ́ mọ́nógíráàmù lẹ gbé lọ, ẹ tètè dé kó tó di aago méjìlá, kí oòrùn lè wà lórí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Kí ẹ sì mú ègé aṣọ yín dání.