Bátìrì sódíọ̀mù 18650: ibi tó dáa sí, ibi tó kù sí

Ẹ má jẹ́ kí 3.0 V tí wọ́n kọ sára bátìrì sódíọ̀mù 18650 (róbótó, 18 mm ní fífẹ̀, 65 mm ní gígùn) tàn yín. Bátìrì yìí ń gba ṣáájì dé 4.0 V (àwọn kan kọ 4.1), ó sì ń wálẹ̀ dé 1.5 V. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn.

1.5 Ah (ìwọ̀n iná tó ń gbà) ní ọ̀nà 3.0 V jẹ́ 4.5 Wh (agbára tó wà nínú rẹ̀). Ó wọn bíi gíráàmù 38, ìyẹn nǹkan bí 118 Wh nínú kílò kan. Lítíọ́mù oníníkẹ́ẹ̀lì tó tóbi bákan náà fi ìlọ́po méjì jù ú lọ. Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù ló wúwo, ó sì sanra. Kì í wọ gráfáítì tí lítíọ́mù ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́gátíìfù dáadáa, ìdí tí wọ́n fi ń lo kábọ̀n líle nìyẹn. Kábọ̀n yìí náà ní wọ̀bìà tirẹ̀: nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣáájì rẹ̀ nílé iṣẹ́, á gbé díẹ̀ mì nínú sódíọ̀mù, kò sì ní pọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń fi sódíọ̀mù àfikún dí gbèsè náà. CATL, ilé iṣẹ́ bátìrì kan ní Ṣáínà, kéde 160 Wh nínú kílò ní 2021, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ńlá nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi 0.75 A ṣáájì rẹ̀ dé 4.0 V, kí ẹ dúró dìgbà tí iná tó ń wọlé bá já sí 0.075 A. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá fi 0.3 A fà á wálẹ̀ dé 1.5 V. Bí ẹ bá dúró ní 2.5 V, ó lè ku bí ìdá kan nínú márùn-ún sínú rẹ̀. Ohun tí BMS (pátákó tó ń ṣọ́ bátìrì) ti lítíọ́mù onírin (LFP) ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń gé e ní 3.65 V lókè, 2.5 V nísàlẹ̀. Mẹ́rin tí ẹ so tẹ̀lé ara wọn ń lọ láti 16 V dé 6 V. Ínfátà tó ń kú ní 10.5 V kò ní dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ láéláé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó pẹ́, ẹ máa dá ṣáájì dúró ní 3.8 V. Bó bá ń kún dé ẹnu lójoojúmọ́, ìpele níkẹ́ẹ̀lì, irin àti máńgánísì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́sítíìfù á máa fẹ̀, á máa fún, títí tí á fi sán, tí gáàsì á sì yọ. Iná tí ẹ pàdánù lókè yẹn ò tó nǹkan. Ṣáájì tó yá jù tún burú: sódíọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ojú kábọ̀n dípò kó wọlé.

Èyí tó wù mí jù ni pé fọ́ìlì alumíníọ̀mù ló ń gbé iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kò sí bàbà tó máa yọ́ bó bá kú dé 0 V, nǹkan tó ń ba lítíọ́mù jẹ́ pátápátá.

Kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. V rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, kì í dúró sójú kan bíi ti onírin, nítorí náà èyí tó bá fi ju 0.02 V kéré sí ìyókù, ẹ kọ́kọ́ ṣáájì rẹ̀ kó bá wọn dọ́gba.