Losungen: ìwé ẹsẹ ojúmọ́ tí wọ́n ń fi kèké mú

Ẹni tó bá ń wá ìwé tí yóò dárúkọ ẹni tí òun máa fẹ́, kó má wulẹ̀ fọwọ́ kan èyí. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí nípa Losungen kò ju "Ṣé ó máa ń ṣẹ?" lọ. Ìwé awoṣẹ́ kọ́ ni. Ìwé ẹsẹ Bíbélì ojúmọ́ ni, ó kéré débi pé ó ń wọ inú àpò aṣọ iṣẹ́ mi (nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mo sábà máa ń ṣe), ó sì wà lórí fóònù pẹ̀lú.

Ìjọ Moravian ní Herrnhut, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Jámánì, ló ń ṣe é. Wọ́n ní àkójọ ẹsẹ Májẹ̀mú Láéláé tó tó nǹkan bí 1,800. Lọ́dọọdún, wọ́n á pé jọ, wọ́n á máa fa ìbò (kèké, kì í ṣe ìbò òṣèlú) yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ọjọ́ inú ọdún kan yóò fi ní ẹsẹ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣe èyí. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn á wá fara balẹ̀ wá ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun tó bá ti àkọ́kọ́ mu, tí wọ́n á sì fi àdúrà kúkúrú tàbí ẹsẹ orin kan tì í. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ní oṣù Karùn-ún ọdún 1728 ni Zinzendorf, ọlọ́lá tó gba àwọn tó ń sá nítorí ìgbàgbọ́ wọn sórí ilẹ̀ rẹ̀, kọ́kọ́ fún àwọn ará ní ẹsẹ tí wọ́n máa mú lọ sílé fún ọjọ́ kejì. Ìwé títẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 1731, kò sì sí ọdún tí kò jáde láti ìgbà náà. Èdè tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí lé ní 50. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni èmi ń kà, màá sì ṣí Bíbélì Yorùbá mi tì í, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá kà ní èdè ìyá mi ló máa ń bá mi dé ìdí iṣẹ́.

Ìbò yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Ẹ mọ àwa tí a máa ń dijú ṣí Bíbélì, tí a ó fi ìka tọ́ ọ. Bí ìka bá bọ́ sórí orúkọ àwọn ọmọ Bẹ́ńjámínì, a ó ní a kò gbàdúrà dáadáa, a ó tún un ṣí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, a ó dé ibi tí a ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Losungen kò gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mú ẹsẹ òní kí ọ̀ràn tó wà lọ́kàn rẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ kan náà ló sì bá ẹni tó ń rọbí àti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n.

Ní òru ọjọ́ kan, èmi àti àbúrò mi ti jiyàn lórí fóònù nípa ẹni tí bàbá wa máa bá gbé. Mo gba iṣẹ́ tán, mo ṣí ìwé, Aísáyà 46:4 ni mo bá: Ọlọ́run ń sọ pé títí dé ogbó, títí dé ìgbà ewú, òun ni yóò máa rù wọ́n. Ẹ̀rín pa mí débi pé aláìsàn tó wà nítòsí ní kí n wá fún òun náà jẹ nínú rẹ̀. Ẹsẹ náà kò sọ bóyá ọ̀dọ̀ mi ni Bàbá máa wà tàbí ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ìjà lẹ́nu mi. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọrùn mi nìkan ni ẹrù náà wà, ẹlòmíì sì ti ń rù ú látijọ́. Nígbà tí mo tún pe àbúrò mi láàárọ̀, ohùn mi ti rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kòńgẹ́ ọ̀ràn mi báyìí, mo gbà pé Ọlọ́run ló fọwọ́ tọ́ mi léjìká kí n lè yíjú sí i. Ìdájọ́ ẹjọ́ ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ láti gbàdúrà sí, ká sì jọ sọ ọ́.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ bọ́ sí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí Ábúrámù jáde kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ti gba àṣẹ, òun ń kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Mo rán an létí pé àwa bíi mélòó kan la ka ẹsẹ yẹn lárọ̀ọ́ ọjọ́ náà. Bí gbogbo wa bá gbọ́ràn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fún àwọn aláìsàn lóògùn?

Ọ̀ràn yìí ti wà tipẹ́. Nínú ọgbà kan ní Milan, ní Ítálì, ní 386, Augustine, olùkọ́ ọmọ Áfíríkà tí kò tíì di Kristẹni nígbà náà, gbọ́ ohùn bí ti ọmọdé tó ń kọrin pé kó gbé e, kó kà á. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ bọ́ sí Róòmù 13:13-14, ayé rẹ̀ sì yí padà. Síbẹ̀ Augustine kan náà, nígbà tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, kọ̀wé pé òun kò fẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣí Ìhìn Rere láti fi wádìí ọ̀rọ̀ òwò àti ti ayé. Ní 506, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Agde, ní gúúsù Faransé, fòfin de fífi Ìwé Mímọ́ woṣẹ́. John Wesley, tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ńkọ́? Ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, ní 1737, ó gbé ọ̀ràn ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí karí ìbò mẹ́ta: kó fẹ́ ẹ, kó má rò ó lọ́dún yẹn, kó má rò ó mọ́ láé. Ẹ̀kẹta ló jáde. (Mo máa ń rò ó pé, ọmọbìnrin náà ńkọ́, ta ló bi í léèrè?)

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Herrnhut ṣe lérò pé ká lo ìwé wọn ni ti Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ọmọ Jámánì tó fẹ́ràn Losungen púpọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1939, ó wà ní New York, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti wá ibi ààbò fún un kúrò lábẹ́ ìjọba Hitler. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù náà, ó ṣèèṣì ka 2 Tímótì 4:21, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń bẹ Tímótì pé kó sa ipá rẹ̀ láti wá kí ìgbà òtútù tó dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé kì í ṣe àṣìlò Ìwé Mímọ́ bí òun bá gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa: láti ọjọ́ 20 ló ti sọ fún àwọn tó gbà á pé òun kò ní gba ipò tí wọ́n fi lọ òun. Ó ti ronú, ó ti gbàdúrà, ó ti pinnu, kí ẹsẹ yẹn tó bá a. Ó padà sílé ní oṣù Keje, àwọn ará Hitler sì pa á ní àgọ́ ìfìyàjẹni Flossenbürg ní oṣù Kẹrin 1945. Ẹni tó bá rò pé kòńgẹ́ túmọ̀ sí pé ọ̀nà máa dán, kó ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó: ẹsẹ kan péré ló ń gé wá, ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e kò sí níbẹ̀. Irú gígé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí gbogbo ayé máa fi Jeremáyà 29:11 ṣe káàdì, láìka ẹsẹ 10, tó ń sọ nípa 70 ọdún ní Bábílónì. Nítorí náà, ẹ má kà á láìsí Bíbélì nítòsí. Èmi máa ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ. Nígbà tí mo bá padà kà á, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò bá ohunkóhun mu, mi ò sì fi wọ́n pa mọ́ nígbà tí mo bá ń jẹ́rìí. Díẹ̀ wà tí ìtumọ̀ wọn kò yé mi àfi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bí òru tí oorun dá lójú ọba nínú Ẹ́sítérì, níbi tí wọn kò ti dárúkọ Ọlọ́run rárá.

Ti ìwé ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti fóònù, torí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé yẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ta ẹnìkan lọ́rẹ, ẹ rà á kí ọdún tó yí. Ẹ máa rí i pé ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí.