Mo padà sídìí Magic, Arena ni mo gbà wọlé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta Magic, gémù káàdì, lórí Arena, ìyẹn Magic ti orí kọ̀ǹpútà àti fóònù, mo yí káàdì ilẹ̀ mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yọ mánà, ìyẹn agbára tá a fi ń lo káàdì yòókù, mánà mẹ́ta péré ni mo ríbi lò, ni àyà mi bá já, mo yáa gbójú sókè síbi tí wọ́n ń ka ẹ̀mí sí kí n wo bó ṣe máa dín. Kò dín. 20 ni mo wà tẹ́lẹ̀, 20 náà ni mo ṣì wà, ẹni tá a jọ ń ta á ti ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè má mọ nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù. Láyé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ta á pẹ̀lú káàdì gidi, èyí tó jẹ́ páálí, mánà tó o bá yọ tó ò rí lò, ó máa jó ẹ ni, mánà kan ẹ̀mí kan. Mana burn lorúkọ ẹ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n fagi lé e, nígbà tí Magic 2010 jáde, èmi sì ti pa gémù náà tì ṣáájú ìgbà yẹn, káàdì mi ti wà nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ta ló fẹ́ wá sọ fún mi?

Mò ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mi ò kì í ṣe ọ̀ta, ẹni tó fi gémù sílẹ̀ tó wá padà ni mí, irú wa sì pọ̀, àwa gan-an la nílò ká gbọ́ bóyá Arena dáa fún wa àbí kò dáa. Ó dáa. Ó dáa gan-an ni, àmọ́ nǹkan kan wà tí kò lè fún wa, màá dé bẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ Magic rárá: ọdún 1993 ni Wizards of the Coast gbé e jáde, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Richard Garfield ló ronú ẹ̀. Ẹ̀yin méjì lẹ máa dojú kọra bí oṣó, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀mí 20 àti dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn àkójọ káàdì ẹ̀, tí ò gbọ́dọ̀ dín sí káàdì 60, ẹ ó máa fi ilẹ̀ yọ mánà, ẹ ó fi mánà pe ẹ̀dá jáde tàbí kẹ́ ẹ fi pe ọfọ̀, títí ẹ̀mí ẹnì kan á fi tán. Àwọ̀ márùn-ún ló wà, funfun, búlúù, dúdú, pupa àti gíríìnì, ìwà wọn ò sì jọra rárá. Arena jáde tán pátápátá ní 2019, ó dé orí fóònù ní 2021, ọ̀fẹ́ ni láti wọlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bínú sí ni ọ̀rọ̀ Mogg Fanatic. Káàdì ẹ̀dá pupa kékeré kan ni, mánà pupa kan ni wọ́n fi ń pè é, agbára ẹ̀ 1, ìyẹn iye ẹgba tó lè na, ara ẹ̀ 1, ìyẹn iye ẹgba tó máa pa á, àmọ́ o lè fi rúbọ nígbà tó bá wù ẹ́, á sì na ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀dá èyíkéyìí ní ẹgba kan. Lábẹ́ òfin àtijọ́, tí ẹ̀dá méjì bá ń jà, ẹgba tí wọ́n fẹ́ na ara wọn máa kọ́kọ́ lọ dúró lórí stack, ìyẹn ibi tí gbogbo nǹkan tá a ti kéde tí ò tíì ṣẹ máa ń to léra wọn sí. Ẹ̀gbọ́n mi á fi Fanatic dí ẹ̀dá mi lọ́nà, wọ́n á dúró kí ẹgba ìjà gorí stack, wọ́n á wá fi Fanatic rúbọ, ẹgba kan látara ẹbọ, ẹgba kan látara ìjà tó ti wà lókè, ẹ̀dá mi tí ara ẹ̀ jẹ́ 2 ti kú nìyẹn, mánà kan péré ló ná wọn. Mi ò mọye ìgbà tí wọ́n ṣe mí bẹ́ẹ̀, èmi náà wá kọ́ ọ, mo fi ṣe wọ́n.

2009 yẹn náà ni wọ́n mú un kúrò. Ní báyìí tí ìjà bá ti tó àkókò, ẹgba á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí pé ẹ dúró ná, ọ̀kan lo máa yan, ṣé o fẹ́ kó jà ni àbí o fẹ́ fi rúbọ. Ó ká mi lára bíi pé wọ́n kó nǹkan tó jẹ́ tiwa lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ta á lọ mo rí i pé àsìkò yíyàn yẹn ló ń dùn mọ́ mi jù, kí n jókòó, kí n wo ọwọ́ mi, kí n wo ilẹ̀ tó kù lọ́dọ̀ ẹnì kejì, kí n bi ara mi pé kí ló lè wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò fi lo mánà búlúù méjì yẹn.

Ibi tí Arena ti gba ọkàn mi gan-an rèé: ó mọ òfin, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Nígbà tá à ń ta páálí, ẹni tó bá dàgbà ló ni òfin. Ó pẹ́ gan-an tá a fi gbà pé ẹ̀dá mi lè lọ kọlu ẹ̀dá tiwọn tààrà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta á gan-an lò ń kọlù, òun ló máa pinnu ẹ̀dá tó fẹ́ fi dí ọ lọ́nà, bí kò bá sì fẹ́ dí ọ kó jẹ ẹgba ẹ̀. Ẹ wo bí gémù ṣe yàtọ̀ tó tó o bá mọ ìyẹn nìkan! Lórí Arena, káàdì tó o lè lò á tàn yí ká, èyí tó ò lè lò á dákẹ́ jẹ́ẹ́, stack á sì hàn lójú ẹ kedere, o ó rí ọfọ̀ ẹ, o ó rí ti ẹnì kejì tó gun orí ẹ̀, wàá fojú ara ẹ rí i pé èyí tó dé kẹ́yìn ló ń ṣẹ kọ́kọ́. Ohun tí mi ò yé dáadáa láti kékeré, ó yé mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ìkìlọ̀ kan ṣá o. Tó o bá kàn fa káàdì jáde, Arena fúnra ẹ̀ ló máa yan ilẹ̀ tó máa yí, kò sì mọ ọfọ̀ kejì tó ò ń gbèrò lọ́kàn. Tí dẹ́ẹ̀kì ẹ bá ti ju àwọ̀ kan lọ, fọwọ́ ara ẹ yí ilẹ̀ ẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń po káàdì pẹ̀lú màgòmágó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tó o bá yan ìdíje ẹyọ kan péré, tí kì í ṣe ti ẹyọ mẹ́ta, Arena máa ń po ọwọ́, ìyẹn káàdì méje tó o máa fi bẹ̀rẹ̀, tó ju ẹyọ kan lọ lábẹ́nú, á wá fún ẹ ní èyí tí iye ilẹ̀ inú ẹ̀ bá ti dẹ́ẹ̀kì ẹ mu jù. Ọwọ́ àkọ́kọ́ nìkan nìyẹn, lẹ́yìn ẹ̀ ohun tó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ lo máa gbà. Mo fara mọ́ ọn, torí kí èèyàn jókòó láìní ilẹ̀ kan lọ́wọ́ kì í ṣe eré. Tọ́wọ́ náà bá ṣì burú, o lè dá a padà, wàá tún mú méje, wàá wá dá ọ̀kan sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, èyí tó dáa ju ti àtijọ́ tó jẹ́ pé mẹ́fà lásán lo máa mú, bó bá sì burú o ti jìyà ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Gold àti gems ni wọ́n ń ná. Gold lo máa ń rí nídìí iṣẹ́ ojoojúmọ́, 500 tàbí 750, tí wọ́n bá fún ẹ ní ti 500 o lè pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ bóyá wàá rí 750, máa pààrọ̀ ẹ̀ ṣáá. Gems, owó gidi ni wọ́n fi ń rà á, àbí kó o jẹ ẹ́ nínú ìdíje. Páàkì kan, ìyẹn àpò káàdì tó ò mọ ohun inú ẹ̀ kó o tó ṣí i, 1,000 gold, káàdì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, kò pọ̀ bíi ti páálí. Ohun tó jẹ́ ọba níbẹ̀ ni wildcard, mẹ́rin ló pín sí bí káàdì ṣe pín, látorí èyí tó wọ́pọ̀ dé èyí tó ṣọ̀wọ́n jù, common, uncommon, rare, mythic, tó o bá ní wildcard rare kan o lè sọ ọ́ di káàdì rare yòówù tó wà lórí Arena, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ o, mo ná gbogbo rare mi sórí àwọn ẹ̀dá ńláńlá tójú mi rí tó wù mí, káàdì tí ò bá ara wọn ṣe, nígbà tí mo wá mọ dẹ́ẹ̀kì tí mo fẹ́, ọwọ́ mi ti ṣófo. Ẹ fi dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n fún yín ta á ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín, pupa nìkan ló rọrùn jù, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ jẹ́ common àti uncommon, ilẹ̀ tó nílò náà ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé yíyan káàdì látinú páàkì lẹ fẹ́ràn, Quick Draft wà, 5,000 gold, bọ́ọ̀tì, ìyẹn kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, lẹ jọ máa yan káàdì, kò sẹ́ni tó ń sáré lé yín, ibẹ̀ ni mò ń ná gold mi sí báyìí.

Ọ̀nà ìtaré kan wà lórí Arena tó ń jẹ́ Alchemy, kò wù mí. Láti ìparí 2021 ló ti wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yí ohun tí wọ́n kọ sára káàdì padà lẹ́yìn tó ti jáde. Èmi rò pé ohun tí káàdì bá ti sọ ló yẹ kó dúró lé. Ẹ lọ sí Standard, ọ̀nà ìtaré míì, ẹ ò ní bá irú ẹ̀ pàdé.

Ó dáa, ohun tí mo ní Arena ò lè fún wa. Páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mo fowó ara mi rà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní púpọ̀, ìyókù jẹ́ pàṣípààrọ̀, mo mọ ẹni tí mo gba ìkọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀ àti ohun tí mo fi dípò. Kò sí ìyẹn lórí Arena. O ò lè fún ẹnìkan ní káàdì, o ò lè gbà, o ò lè pààrọ̀, káàdì tó o bá ní níbẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ. Magic Online, Magic míì ti orí kọ̀ǹpútà, tó ti wà láti 2002, ní pàṣípààrọ̀ ní tiẹ̀, àmọ́ Arena ló rọrùn fún ẹni tó ń padà bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró síbẹ̀. Ó ṣì máa ń ká mi lára ṣá, pàápàá tí mo bá ṣí páàkì tí mo rí ohun tí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ń wá.

Èyí tó wà ni Direct Challenge, wàá kọ orúkọ ẹni tó o fẹ́ bá ta á, ẹ ó wọlé. Mo yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu títí wọ́n fi gbé e sórí fóònù wọn. A ti jìnnà síra wa tipẹ́, ọ̀rọ̀ wa kì í ju "báwo ni, dáadáa ni" lọ lórí fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ tá a kọ́kọ́ ta á, wọ́n ní ẹ̀dá kékeré kan tó ṣeé fi rúbọ, wọ́n fi dí mi lọ́nà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè, mo mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọọrọ. Ẹgba balẹ̀, ẹ̀dá náà kú, wọn ò rí nǹkan kan tẹ̀.

Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. "Àbúrò, ta ló yí òfin padà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, màá ṣàlàyé." Wákàtí méjì la fi wà lórí ìpè yẹn, a tún ta mẹ́rin sí i.