Ẹ̀rọ tó ń há mọ́ ọ̀pá gọ́ọ̀fù: owó mi kò jóná

Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Abẹ́ ibi ìdìmú ọ̀pá ló ń há sí. Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti fì ọ̀pá tán, iye máìlì tí orí ọ̀pá fi sáré ní wákàtí kan á yọ lójú fóònù.

Òkè-Fìà l'Óṣogbo ni mò ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ ni mo sì ń kọ́ ní gọ́ọ̀fù. Pápá kan nítòsí ilé la ti ń fì ọ̀pá láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di Sátidé, a ó wọkọ̀ lọ sí pápá gọ́ọ̀fù MicCom ní Ada, níbi tí èmi náà ti ṣe kádì, tí mò ń ru ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá, kí n tó máa kọ́ni. Tòkúnbọ̀ ni mo ra ẹ̀rọ náà, ₦85,000. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí mo san án. Kò dùn mí mọ́.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tí mò ń kọ́, ọmọ ọdún 16, kò ga, kò sì sígbọnlẹ̀. Ó gbà pé agbára lòun kò ní, ló bá ń lu dráífà, ọ̀pá tó gùn jù, bí ẹni ń pa ejò. Mo sọ ọ́ títí pé kó dẹwọ́, kó jẹ́ kí ìbàdí ṣáájú apá, kò wọ̀ ọ́ létí. Mo bá há ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pá. Èyí tó fi gbogbo ara gbá, 74 ló jáde. Mo ní, "Dẹ èjìká ẹ sílẹ̀, gbàgbé bọ́ọ̀lù." Ó di 81. Ó wo fóònù, ó wo ojú mi.

"Bùọ̀dá, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ yìí ń parọ́?"

Ó tún fì í, 82. N kò bá a jiyàn lórí ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù láàárín ojú dráífà, máìlì kan ṣoṣo lè fi bíi yáàdì 2 sí 3 kún ibi tó máa dé.

Ẹ̀rọ náà tún ń wọn bí ẹ ṣe ń pín àkókò. Àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa, àkókò tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pá sẹ́yìn máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí wọ́n fi ń já a bọ̀ sórí bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó bá ń kánjú, ibẹ̀ ni àṣírí ẹ̀ ti ń tú.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà ẹ̀rọ náà yangàn o. Ìsàlẹ̀ ọwọ́ ló wà, kò sí ní orí ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀pá ṣe ń yí ló ń wò, yóò wá fi gígùn ọ̀pá tí ẹ kọ sínú áàpù ẹ̀ lórí fóònù ṣírò ìyókù. Bí ẹ bá kọ íǹṣì 45 ti dráífà síbẹ̀, tí ẹ wá mú áyọ́ọ̀nù 7, ọ̀pá mìíràn tí kò ju bíi íǹṣì 37 lọ, á bù mọ́ ọn fún yín. Ọ̀gá kan tó ti Èkó wá gbé rédà tirẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wo bí orí ọ̀pá gan-an ṣe ń sáré, sẹ́yìn bọ́ọ̀lù ní Ada, a sì wo méjèèjì pọ̀: tèmi ń fi máìlì 4 tàbí 5 lé sí i. Nítorí náà, tàná ẹni ni kí ẹ fi wọn tòní ẹni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ń kọjá máìlì 110 bíi ti àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun l'Ámẹ́ríkà, kó wá rédà.

Bí eruku ọyẹ́ bá wọ rọ́bà ẹ̀rọ tèmi yìí, á máa yọ̀, bó bá sì ti yí lára ọ̀pá, nọ́ńbà ti dàrú nìyẹn. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún. Páwà báǹkì tí mo fi ń ṣáàjì fóònù náà ni mo fi ń ṣáàjì ẹ̀. Bí ìdíje bá yá, mo máa ń yọ ọ́. Òfin gọ́ọ̀fù kò fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pá.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá áàpù ẹ̀ ṣì wà fún irú fóònù yín. Kí ẹni tó ń tà á so ó pọ̀ lójú yín, kí ẹ fì ọ̀pá, kí nọ́ńbà jáde, kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Láìsí áàpù, kò wúlò fún ohunkóhun.