Ìrìn orí treadmill inú omi fún ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ohun tó ṣe fún Dúdú, àti ohun tí kò lè ṣe

Kí n ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí ajá yín bá ti pàdánù ẹsẹ̀ kan, tí oríkèé àwọn tó kù sì ti ń ro ó, ìrìn orí treadmill inú omi (ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí kí ajá lè máa rìn lójú kan) tó owó tí wọ́n ń gbà lé e lórí, bí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá mọ ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dáadáa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Dúdú, ajá mi, kò ní ẹsẹ̀ iwájú òsì. Ọkọ̀ ló gbá a nígbà tó ṣì kéré, dókítà ẹranko sì gé ẹsẹ̀ náà láti èjìká. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é: ó ń sáré, ó ń fo kòtò, ó ń bá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin du bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó di àgbà ajá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ajá kì í ráhùn bíi tàwa, àmì kéékèèké ló máa ń fi hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀ jẹun. Tó bá fẹ́ yí sápá ọ̀tún, á kọ́kọ́ dúró ná. Ó ń lá ọrùn ẹsẹ̀ iwájú tó kù títí irun ibẹ̀ fi yí àwọ̀ padà. Lóru, á máa mí hẹlẹhẹlẹ láìjẹ́ pé ooru mú. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán X-ray, wọ́n rí i pé làkúrègbé ti wọ ọrùn ẹsẹ̀ náà àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tí dókítà sì fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ni gbogbo awọ ibẹ̀ gbọ̀n.

Ó yẹ ká mọ ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń sọ irú ìtọ́jú tó bá a mu. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin máa ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tẹ̀yìn á sì gbé ìdá 40 yòókù. Ẹ wá yọ ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò. Èyí tó kù á sún wọ abẹ́ àárín àyà kó lè gbé ara dúró, ọrùn ẹsẹ̀ náà á máa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, orí á máa jù sókè nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà, ọ̀pá ẹ̀yìn á sì máa tẹ̀ láti fi fa àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọ abẹ́ ara. Ìdí nìyí tí nǹkan fi sábà máa ń rọ ajá tó pàdánù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́rùn ju èyí tó pàdánù tiwájú lọ. Ẹrù ẹni méjì ni ẹsẹ̀ kan yìí ń rù, láràárọ̀ láalẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú omi ni wọ́n ti lè gbà á fúngbà díẹ̀. Àpótí gíláàsì ńlá kan ni ẹ̀rọ náà, treadmill wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ajá á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á sì máa ru sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá dé lára ajá ló ń pinnu ohun tí ẹsẹ̀ máa gbé. Àwọn tó wọn èyí lára ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rí i pé, nígbà tí omi dé orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ṣì ń gbé nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ìwúwo ara. Nígbà tí omi dé oríkèé ìbàdí, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 38. Omi náà sì ń dènà ẹsẹ̀ bó ṣe ń lọ síwájú, iṣan á lágbára láìjẹ́ pé oríkèé ń gbá ilẹ̀. Mi ò rí ohun tó lè ṣe méjèèjì pa pọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kò kúkú lè wẹ̀ nínú odò. Fún irú Dúdú, èmi ò fara mọ́ ọn. Ajá tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú kan wẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa lọ́ ara rẹ̀ kó má bàa rì, ẹ̀yìn tó ti ń dùn ún lá sì jìyà rẹ̀. Lórí treadmill, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kò tan ẹ̀rọ náà rárá. Òun fúnra rẹ̀ wọnú omi, ó fọwọ́ gbé àyà Dúdú, ó jẹ́ kó mọ bí omi ṣe ń ru. Ìgbà tó yá ni ìrìn bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ìsinmi, ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Ibi tí mo ti mọ̀ pé ó mọṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ eré ẹ̀rọ náà. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí ajá tó ní làkúrègbé máa rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n fún ajá tí kò lẹ́sẹ̀ iwájú kan, ìrìn jẹ́jẹ́ ló le jù, nítorí kò sí ẹsẹ̀ kejì tó máa gbé àyà dúró nígbà tí èyí tó kù bá wà lókè. Ohun tó fi ń tọ pọ́n-ún-pọ́n-ún nìyẹn. Obìnrin yìí fi eré kún un díẹ̀díẹ̀ títí orí Dúdú fi dẹ́kun jíjù sókè, ó sì dúró níbẹ̀. Mo ti bá ẹlòmíràn pàdé ṣáájú rẹ̀ tó fẹ́ kó máa rìn jẹ́jẹ́ bíi ti ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó rẹ Dúdú lójú ẹsẹ̀, ó sì jókòó sínú omi.

Èrè rẹ̀ kò yá kánkán. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni oorun: kò mí hẹlẹhẹlẹ lóru mọ́. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde dúró jẹun. Iṣan itan rẹ̀ kún sí i, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, torí pé tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá lágbára, ó lè gba díẹ̀ lára ẹrù iwájú. Ọrùn ẹsẹ̀ náà kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kérékéré, ìyẹn egungun rírọ̀ tó ń bo orí egungun, tó bá ti gbó nínú oríkèé kì í hù padà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèlérí irú rẹ̀ fún yín.

Omi nìkan kò sì tó. Tí Dúdú bá sanra, gbogbo rẹ̀ á já sófo. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2002, wọ́n pín ajá Labrador 48 ní méjì-méjì, wọ́n sì fún ọ̀kan nínú méjì lóúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú 100 dín sí ti èkejì. Èyí tó jẹun díẹ̀ pẹ́ láyé tó nǹkan bí ọdún méjì ju èkejì lọ, ìṣòro oríkèé sì pẹ́ kó tó dé bá a. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn o! Nílé wa, mo máa ń fọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ lè kà á láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tí kì í yọ̀ sórí táìlì láti ibi tó ń sùn dé ibi omi rẹ̀, mo ń gé èékánná rẹ̀ àti irun àárín àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ń fi bẹ́líìtì àyà tó ní ìdìmú lẹ́yìn ràn án lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ó ṣì ń lo oògùn ìrora tí dókítà ẹranko kọ fún un, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà nítorí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ajá ní ibuprofen tàbí paracetamol tiyín láé. Ó lè pa á.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn nínú iṣẹ́ náà kò pọ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde ń já a láyà, wọn kì í sì í gbẹ irun abẹ́ apá rẹ̀ dénú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni egbò ti máa ń yọ bó bá wà ní tútù. Mo ń mú táwẹ́ẹ̀lì tèmi lọ báyìí. Ó tún wọ́n, kì í sì í ṣe ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan péré.

Ajá tó bá ní egbò tí kò tíì jiná, tàbí àrùn ọkàn tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò, kò gbọ́dọ̀ wọ inú omi yìí. Fún àwọn yòókù, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń darí ẹ̀rọ máa ń wọnú omi pẹ̀lú ajá, bóyá ó ti tọ́jú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rí, iwájú tàbí ẹ̀yìn, àti bóyá ó máa fọwọ́ yẹ ẹ̀yìn àti èjìká rẹ̀ wò kó tó tan ẹ̀rọ. Ẹ sì ní kí ó jẹ́ kí ẹ wo ìrìn kan tán kí ẹ tó gba èkejì.