Iṣẹ́ abẹ dára, kọ́là tí wọ́n fún wa ni ò dára

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bí mi nínú. Nígbà tí mo lọ mú Lucky, abo ajá mi, nílé ìwòsàn ẹranko lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún mọ́, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbàlejò gbé kọ́là rọ́bà kan fún mi, èyí tí wọ́n ń fi sí ajá lọ́rùn kó má bàa lá ojú abẹ. Nígbà tí mo fi sí i lọ́rùn, gbogbo imú ajá ló yọ síta. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ṣé èyí ò kéré?" Ó ní, "Mọ́mì, ìwọ̀n ẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa mú un lọ." Kò tiẹ̀ gbójú sókè wò wá.

Lóru ni mo gbọ́ tó ń lá nǹkan. Ahọ́n rẹ̀ ti dé ojú abẹ, ibẹ̀ ti pọ́n yòò, òwú kan sì ti já. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní ká pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gbé e ní, "Mọ́mì, ajá á ṣáà lá ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́." Ó bá pa fóònù. Ajá tí wọ́n la ikùn rẹ̀, tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀! Bó bá já òwú yòókù ńkọ́? Mo jókòó tì í di àárọ̀, mo di orí rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì tí mo bá láàárọ̀ ló pẹ̀tù sí mi nínú. Ó kúnlẹ̀ ti ajá, ó fọ ojú abẹ, dókítà tún un rán, wọn ò sì gbowó. Nọ́ọ̀sì yìí ló wá fi kọ́là mìíràn wọn ọrùn rẹ̀: etí kọ́là gbọ́dọ̀ kọjá ṣóńṣó imú, ìka méjì sì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín kọ́là àti ọrùn. Ó ní kí n máa wo ojú abẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá ń wú sí i, bó bá ń ṣọyún tàbí tó ń rùn, kí n máa bọ̀ kíákíá. Kò gbọ́dọ̀ sáré, kò gbọ́dọ̀ fò, kò gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. Bó bá fẹ́ tọ̀, okùn ni kí n fi mú un jáde. Mo béèrè oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò, ó di ọwọ́ mi mú: "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́mì, ẹ má dán an wò. Ibuprofen lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, paracetamol náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́."

Dókítà yẹn mọṣẹ́. Ojú abẹ ti jinná, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn ní láti fọwọ́ ya irun kó tó rí i. Ọlọ́run á bù kún nọ́ọ̀sì yẹn.

Máàkì 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Akọ ajá tó kù nílé, ibẹ̀ náà ni n ó mú un lọ, ṣùgbọ́n n ó ti ra kọ́là tèmi dání.