Táìtì fọ́líbọ́ọ̀lù fún ọmọbìnrin: íǹṣì mélòó ló tó?

Ká má fọ̀rọ̀ gùn: bí ẹ bá fẹ́ ra táìtì (ṣòkòtò kúkúrú tó ń lẹ̀ mọ́ ara) kan péré fún ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù nílé ìwé ní Amẹ́ríkà, ẹ ra oní-íǹṣì 4, kó jẹ́ dúdú, kí ẹ sì fi fífẹ̀ ìdí yan sáìsì rẹ̀. Ẹ má fi ìbàdí yàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́, kó máa kà á lọ.

Íǹṣì tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ yẹn, láti ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, gba inú itan, títí dé etí. Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ: oní-2.5 tàbí 3, oní-4, àti oní-7 tó ń dé nǹkan bí agbedeméjì itan. Owó wọn kò jìnnà síra, dọ́là 20 sí 40 lọ́pọ̀ ibi, nítorí náà kì í ṣe owó ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ra èyí tó kúrú jù. Àṣà ni.

Oní-2.5 ní àǹfààní tirẹ̀. Ooru kì í mú èèyàn nínú rẹ̀, kì í sì í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ nínú rẹ̀, kó wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ní ẹjọ́ bá a rò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń sún sókè. Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ gba sáàfù: ó tẹ orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ti ìdí sẹ́yìn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìbàdí dé itan ti gùn ju ìgbà tó nàró lọ. Táìtì gbọ́dọ̀ rí aṣọ fi bo gígùn yẹn. Bí aṣọ ẹ̀yìn kò bá tó, etí ìsàlẹ̀ ló máa fà lọ sókè. Bí ọmọ náà bá sì dìde, òógùn àti bí itan ṣe ń gbo ara wọn kò ní jẹ́ kí etí náà padà síbi tó wà. Ẹ óò wá rí i tó fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fa táìtì wálẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kó tó dúró. Bọ́ọ̀lù míì á dé, á tún fà á. Òfin FIVB, àjọ fọ́líbọ́ọ̀lù àgbáyé, fún ẹni tó ń sáàfù ní ìṣẹ́jú àáyá 8 péré lẹ́yìn fèrè rẹfirí. Ọmọ tó bá ń ná méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ sórí aṣọ, tó tún ń ronú ta ló wà lẹ́yìn òun pẹ̀lú fóònù, ọkàn rẹ̀ kò sí lára bọ́ọ̀lù.

Bí wọ́n bá rí i pé ó ń sún sókè, àwọn òbí kan á ní ó tóbi ni, wọ́n á ra sáìsì tó kéré sí i. Ìyẹn gan-an ló ń dá kún un, torí gígùn ẹ̀yìn ló wọ́n, sáìsì kékeré á sì tún dín in kù. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, tí etí rẹ̀ sì fẹ̀, ló yẹ kí wọ́n wá. Ìdí tí a fi fẹ́ràn oní-4 nìyẹn: etí rẹ̀ máa ń bọ́ sí ibi tí itan ti le, ó sì máa ń jókòó síbẹ̀. Oní-7 ló dára jù fún ẹni tí itan rẹ̀ máa ń gbo ara wọn títí á fi bó, àti fún ilé tí ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí itan hàn. Àmọ́ ẹ yẹ inú etí rẹ̀ wò: àwọn kan ní ìlà rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara, òógùn abẹ́ rẹ̀ sì lè mú kí ara máa yún ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí ọmọ wọ pátá nìkan, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí téèpù yí ibi tí ìdí ti yọ jù ká láìwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìdí bá bọ́ sí sáìsì kan, tí ìbàdí bọ́ sí òmíràn, ẹ mú ti ìdí. Télọ̀ lè fún rọ́bà ìbàdí. Ìka méjì yẹ kó wọ abẹ́ rọ́bà náà láìfipá. Lẹ́yìn ìyẹn, kó lóṣòó, kó fò, kó na ẹsẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Bí táìtì bá fi ojú àpá jíjìn tó ń dunni sára itan, ó kéré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́ síwájú ìmọ́lẹ̀ iná: bí àwọ̀ àtẹ́lẹwọ́ yín bá hàn, pátá náà á hàn bó bá bẹ̀rẹ̀. Funfun àti eérú ló burú jù níbi òógùn àti nǹkan oṣù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ wá aṣọ kékeré tí wọ́n rán sí àárín ẹsẹ̀. Táìtì tí kò ní in, tó jẹ́ pé ojú rírán mẹ́rin ló pàdé síbì kan níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti já. Náílọ́ọ̀nù tàbí pólísítà bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, spandex tó ń nà bíi rọ́bà bí ìdá 20, ló dára. Òwú ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ.

Sáìsì wá ni ibi tó le. Nínú ilé Yorùbá, ẹnu kì í sinmi lórí ara ọmọbìnrin: bó bá tín-ín-rín, wọ́n á pè é ní lẹ́pa, bó bá sanra, ọ̀róbọ́. Ọmọ kan náà tí ìyá àgbà ń sọ fún pé kó jẹun sí i ni ojú ń tì nínú yàrá ìmúra torí itan rẹ̀ kò rí bíi ti ẹnìkejì. Itan ọ̀hún ni iṣẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù wà. Àwọ̀n obìnrin ga ní mítà 2.24. Mireya Luis ti Kúbà, tó ga ní mítà 1.75 péré, máa ń fò títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kọjá mítà 3, ó sì gba góòlù Òlíńpíìkì lọ́dún 1992, 1996 àti 2000. Iṣan itan àti ìdí ló gbé e débẹ̀. Lẹ́tà tó wà lára táìtì kò sọ ju bí ilé iṣẹ́ kan ṣe gé aṣọ lọ. M ti ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ L níbòmíì.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fo oúnjẹ kó lè wọ sáìsì kékeré, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti aṣọ. Lọ́dún 2014 ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé sọ ìṣòro yìí ní RED-S: oúnjẹ tó ń wọlé kò tó agbára tí eré ń gbà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìnáwó rẹ̀ kù. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí egungun ojúgun ń dun ọmọ lójú kan náà láìlọ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Kò dìgbà tó bá rù.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ má pe sáìsì jáde níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Kí oníkálukú kọ ìwọ̀n ìdí rẹ̀ sínú bébà, kó ká a, kó fi lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹ ra gígùn méjì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, ní àwọ̀ kan náà, kí ọmọ yan tirẹ̀. Òfin FIVB ní kí aṣọ ẹgbẹ́ jọra, yàtọ̀ sí ti líbẹ́rò (ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn nìkan), torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò líìgì yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ má tètè gbà fún ẹni tó bá ní kò lè ṣeé ṣe. Lórí iyanrìn pàápàá, níbi tí bìkínì tàbí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ti jẹ́ ọ̀rànyàn tẹ́lẹ̀ fún àwọn obìnrin, FIVB fàyè gba ṣòkòtò kúkúrú àti aṣọ alápá lọ́dún 2012. Ní Òlíńpíìkì Rio lọ́dún 2016, Doaa Elghobashy ti Íjíbítì gbá tirẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù, apá gígùn àti ṣòkòtò gígùn.

Fún ọjọ́ nǹkan oṣù, pátá tó fún dáadáa ni kí páàdì lẹ̀ mọ́, kì í ṣe táìtì, torí táìtì ń rìn bí ọmọ ṣe ń na ẹsẹ̀.

Ní ti fífọ̀, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Bílíìṣì, omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù ló ń pa spandex, ohun tí wọ́n ń dà sí aṣọ kó lè rọ̀ náà kò dára fún un. Inú ibòòji ni kí ẹ sá a sí. Ẹ máa fa etí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: bó bá ti ń wé bí igbi, tí kò padà mọ́, ẹ ra òmíràn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.